Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Mí Nípa Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yàrá wa tutù, tí omi sì ń yọ lábẹ́ ẹní. Bàbá mi, ẹ kú oko o, ẹ kú iṣẹ́ ebè. Ó ṣeé ṣe kí ẹ wà ní Ofè nígbà tí lẹ́tà yìí bá dé Ṣábẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ìyá mi nìkan ni mo kí. Ìyá àgbà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lé wa lórí. Àìná, àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ilé, o kú iṣẹ́ ìwé. Ìwọ ni wàá ka lẹ́tà yìí fún wọn, torí náà rọra kà á, má máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Bí iṣu bá wà lórí àpáta lọ́wọ́, má bẹ̀rù, kà á sókè. Mo ti ṣọ́ ọwọ́ mi. Kò sí ohun tí a kì í pè tí mo pè nínú rẹ̀.

Ìyá mi, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi lẹ́tà yìí sí kó tó dé ọwọ́ yín. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, ẹ máa ń gbọ́ ohùn mi kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ẹ ó sì ti máa bi mí pé kí ló dé, kí ló ṣe ọ́, kí n tó sọ ìdajì. Ìdí mìíràn ni pé àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí máa ń ka ìwé ìròyìn náà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kọ́ ló ń tì mí lójú.

Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kalaví kò burú, ó kàn jẹ́ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í ráyè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé láàárọ̀ ni mò ń kí, láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ilé ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń ṣe ní Ṣábẹ̀. Ràṣídì, ọmọ Pọ́bẹ̀ tí a jọ ń gbé yàrá kan, ló fà mí létí. Ó ní, ará Ṣábẹ̀, ṣé o fẹ́ du ipò mẹ́ẹ̀rì ìlú yìí ni? Ó ní bí mo bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Mo dín in kù. Nísinsìnyí, ìyá tó ń ta ìrẹsì ní ìkòríta ni mò ń kí, àti ọkùnrin tó ń ṣọ́ ànfí, ìyẹn gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ wa. Ọkùnrin yẹn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti mọ ẹ káàárọ̀, ó sì máa ń pariwo rẹ̀ sí mi láti òkèèrè kí n tó ya ẹnu. Ọjọ́ tí kò bá wá, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ilẹ̀ kò tíì mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ló ṣòro jù. Nílé, ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń kó iṣu kúrò lórí àpáta, tí ariwo yín á gba gbogbo ẹsẹ̀ òkè. Níbí, kò sí ohun tí a ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣe. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo àwọn sẹ́míjàn tó ń fi alùpùpù wọn gbé èrò kọjá, ó sì máa ń wù mí kí ẹnì kan rán mi níṣẹ́.

Ooru ibí kì í ṣe irú tiwa. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ni lára ni, bí aṣọ tí a kò sá gbẹ. Ṣùgbọ́n láti ìjẹta, Ìyá mi, àlejò ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé pẹ̀lú ariwo, ó sùn mọ́jú, kò sì tíì lọ. Bí ó bá sì kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ ọ̀nà tó máa ń gbà.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kì í ṣe ará ilé wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iṣu gbígbẹ fún èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà. Ó máa ń ra iṣu kéékèèké lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ofè àti Sakin, òun àti àwọn obìnrin agbo ilé wa á bẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á sì lọ sá a sórí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé. Àpáta tí oòrùn ti yan máa ń mú iṣu gbẹ ju ilẹ̀ lásán lọ. Bí iṣu bá ti wà lórí àpáta, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ dárúkọ omi tó ń ti ojú ọ̀run wá. Àlejò là ń pè é. Bí ó bá ká iṣu tí kò tíì gbẹ mọ́ orí àpáta, iṣu náà á hu, á dúdú, á máa rùn, kò sì sí oníbàárà tí yóò fi ọwọ́ kàn án. Nítorí náà a kì í pè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo pe orúkọ rẹ̀ gan-an lórí àpáta lọ́jọ́ kan, Ìyá àgbà sì fi orógùn kàn mí lẹ́nu. Kò dùn mí, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Bí ẹ ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ohun tí a kò bá fẹ́, a kì í fi í sẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí pé Bàbá mi kò fẹ́ kí n wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ní orílẹ̀-èdè tó ń fi Faransé kọ ìwé, kí ni ọmọ àwọn ń wá dé ìdí èdè aládùúgbò? Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n fẹ́ kí n lọ kọ́. Ẹ̀yin lẹ dìde sí i. Ẹ ní àwọn oníbàárà yín tó ń ti Nàìjíríà wá máa ń mú ìwé dání, wọ́n á ní kí ẹ tẹ̀ka sí i, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ní ó tó àkókò kí ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ní tó bá wá lọ fi ìdí rẹmi ńkọ́? Ẹ na ọwọ́ sí wọn lẹ́nu kíá. Ẹ ní kí wọ́n má pè é, ẹ ní ẹ̀yin dúró fún mi. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti dáa, obìnrin tó ń sá iṣu ti borí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá.

Ní oṣù yìí, ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ohun tí kò sí bí ẹni pé ó wà. Madámù tó ń kọ́ wa ní bí èèyàn bá sọ pé, bí mo bá jẹ́ ẹyẹ, ǹ bá fò lọ sílé, gbogbo ayé mọ̀ pé kì í ṣe ẹyẹ. Àfẹnusọ lásán ni. Gẹ̀ẹ́sì sì ní àmì tó fi ń mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ohun tó ti kọjá lánàá ni wọ́n á gbà sọ ohun tí kò sí lónìí, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí òótọ́. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo gbọ́ ọ. Nínú ìwé, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí mo bá ní ọkọ̀, bí mo bá jẹ́ ọba, bí wọ́n bá bí mi sí etí òkun, kò sí èyí tí mi ò lè parí. Madámù fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ mi pé ó dára. Mo ti ń rò ó pé ojú Bàbá mi kò ní tì wọ́n.

Ìgbà tó di ti ẹnu ni ọ̀rọ̀ yí padà. Madámù kó ìbéèrè sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kan, ó ní kí oníkálukú fa ọ̀kan, kó dìde, kó kà á sókè, kó sì dáhùn lójú gbogbo èèyàn. Ràṣídì fa ti pé bí ó bá jí lọ́la tó bá ara rẹ̀ ní obìnrin, kí ni yóò ṣe. Ó ní òun á wá ọkọ olówó kíákíá, òun á gba gbogbo ẹrù ìdána, òun á sì ti padà di ọkùnrin kí ilẹ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó tó mọ́. Ànfí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ọmọbìnrin kan fa ti pé bí ó bá bá ejò lórí ibùsùn rẹ̀. Ó ní òun á yọ̀ǹda ibùsùn náà fún un, òun á sì tún bá a fa aṣọ bora. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín títí mo fi na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi, ìbéèrè tèmi dá lé yín. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ẹnu Àìná ló máa gbà jáde, ẹ̀yin lẹ sì máa jókòó tì í. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìyá tó fẹ́ràn mọ ìbéèrè náà. Ọjọ́ kan wà tí Ìyá àgbà máa ń sọ nípa ara wọn bó ṣe wù wọ́n, wọ́n á ní èmi ni màá gbé orí, wọ́n á ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ tí kò dáa bo àwọn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i, ẹnu tiwọn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún ìyá tó ṣì ń gun àpáta. Ìbéèrè náà ní kí n gbé e kalẹ̀, kí n sì sọ ohun tí màá ṣe tẹ̀ lé e.

Mo la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì kò jáde. Ohun tó jáde ni, ká má rí i! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọwọ́ mi ti yí orí mi ká, mo ti ta ìka dànù kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é bí ẹnì kan bá mú ìròyìn burúkú wá sí ọjà. Gbogbo ànfí wo Ràṣídì pé kí ló sọ, Ràṣídì sì túmọ̀ rẹ̀, ó tún dìde fi ọwọ́ tirẹ̀ yí orí ká láti fi hàn wọ́n. Ẹ̀rín tó bẹ́ lọ́jọ́ náà, mo rò pé ẹ gbọ́ ọ ní Ṣábẹ̀. Láti ìgbà náà, Misé Ká-má-rí-i, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Ká-má-rí-i, ni orúkọ mi. Mo ń kọjá níbi omi ẹ̀rọ, wọ́n á ta ìka sí mi. Wọ́n á ní, Misé, bí oúnjẹ bá tán lónìí ńkọ́? Àwọn fúnra wọn á sì dáhùn, wọ́n á ní ká má rí i! Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá kan ti ń pè é já geerege báyìí, ó ku díẹ̀ kí Ràṣídì máa gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn.

Madámù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dá mi dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó fi Faransé bi mí bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ni. Mo ní rárá o, wọ́n wà, ara wọn le. Ó ní kí wá ló dé? Mo ní a kì í sọ ọ́ ni. Ó ní gírámà kì í ṣe èpè, ó ní ẹni tó sọ pé bí òun bá jẹ́ ẹyẹ kò hu ìyẹ́ rí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó kàn ní ẹni tí yóò bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ènìyàn lọ́la kò lè máa yan èyí tí yóò sọ, nítorí bí ọ̀rọ̀ burúkú bá wà nínú ìwé tí wọ́n fún un, ó gbọ́dọ̀ lè gbé e. Mo rántí àwọn ìwé oníbàárà yín, mo sì mọ̀ pé òtítọ́ ló ń sọ. Ó wá ní òun á fún mi láyè. Ní ìdánwò ẹnu tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní fa ìwé mìíràn, ìbéèrè kan náà lòun máa bi mí. Bí mo bá tún dákẹ́, òdo ni. Pẹ̀lú òdo yẹn, mi ò lè bọ́ sí ọdún kejì, Ìyá mi. Ohun tí ẹ ní kí Bàbá mi má pè máa wá ṣẹ, ẹ̀yin tí ẹ dúró fún mi ni wọ́n á sì wò.

Ràṣídì bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí òun. Ó sì ní ìmọ̀ràn lóríṣiríṣi. Ó ní kí n pa ojú dé kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì, kí n sì tutọ́ lẹ́yìn náà. Ó tún ní, ìwọ ará Ṣábẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì lo máa fi sọ ọ́, ta ni nínú àwọn baba ńlá yín ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi ṣe àmín sí i? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé òótọ́ lè wà níbẹ̀. Nígbà tó lọ fọ aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró níwájú dígí kékeré tó fi ń gé irùngbọ̀n, mo sì fẹ́ dán an wò.

Ibí yìí ni mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Àìná, má dúró, máa kà á lọ.

Mi ò tíì sọ ìdajì àkọ́kọ́ rárá. Mo kàn ronú kan ìbéèrè náà ni, pé kí ni màá ṣe, ọkàn mi sì ti dáhùn kí n tó la ẹnu. Ó ní, ta ni yóò máa fi gààrí ránṣẹ́ sí mi?

Ìyá mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Kò sunkún. Kò rántí ohùn yín, kò rántí Àìná tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, kò rántí Bàbá mi tí yóò dá jókòó. Gààrí ló rántí. Àpò tí ẹ fi rán dírẹ́bà wà ní igun yàrá níbẹ̀, tí ẹ fi okùn aláwọ̀ ewé so ẹnu rẹ̀, tí Àìná kọ orúkọ mi sí i lára gàdàgbà gàdàgbà. Mo wo àpò náà, àpò náà ń wò mí. Mo kúrò níwájú dígí.

Gbogbo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rò pé ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ló ń bà mí. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ń bà mí lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú mi kò sí níbẹ̀. Mo ti ń fi a-kì-í-sọ-ọ́ yìí yangàn díẹ̀ nínú mi, pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni mí láàárín àwọn tí ẹnu wọn kò ní ìjánu. Àṣé lábẹ́ gbogbo ká má rí i tí mò ń pè, ikùn mi ni mò ń gbàdúrà fún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an lẹ pè mí. Ẹ bi mí bóyá gààrí náà kan tó, ẹ ní ẹ fi ọjọ́ kan kún un nínú àpò kó tó lọ sórí iná nítorí ẹ mọ̀ pé èyí tó kan ni mo fẹ́. Ẹ ní ṣé mo fún ọmọ Pọ́bẹ̀ yẹn níbẹ̀. Mo ní réso, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò dára, mi ò gbọ́ yín, mo sì pa fóònù. Réso dára, Ìyá mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ.

Láti ìgbà náà mi ò lè jẹ gààrí yẹn. Ràṣídì ló ń jẹ ẹ́, ó sì ń yìn yín. Ó ní ìyá Misé Ká-má-rí-i mọ gààrí í yan.

Èrò mi àkọ́kọ́ ni láti kọ̀wé bẹ̀ yín pé kí ẹ fún mi láṣẹ. Kí ẹ pè mí, kí ẹ ní kí n sọ ọ́, pé kò sí ohun tí yóò ṣe yín. Ẹ ó sì ṣe é, mo mọ̀ yín. Ẹ ó ní, ṣé nítorí ìwé ni? Sọ ọ́ jàre. Lẹ́yìn náà ẹ ó lọ gbàdúrà nílé Ọlọ́run láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ gbé ìyẹn lé yín lórí. Èmi tí mo ti fi yín ṣe àpò gààrí nínú ọkàn mi, mi ò tún lè ní kí ẹ wá fi ẹnu yín ra máàkì fún mi.

Àlejò tó dé níjẹta ló yí ọkàn mi padà. Ràṣídì ń sùn, orí páànù ń dún, ara mi sì fò sókè bí ẹni tí wọ́n pè. Mo ti dìde dúró, mo ń wá ọ̀nà àbájáde, kí n tó rántí pé mi ò ní iṣu kankan lórí àpáta ní Kalaví.

Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe é. A kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ oníkálukú mọ ibi tó máa sá sí. Bí ojú ọ̀run bá kàn ti ṣú níhà Adido, àwọn ìyàwó ilé á ti di etí ẹní mú. Ìyá àgbà á ti gbé ìgbálẹ̀. Bàbá mi, bí wọ́n bá wà nílé, á ti na báàṣì, aṣọ rọ́bà ńlá tí a fi ń bo òkìtì iṣu. Àìná á ti kó apẹ̀rẹ̀ jọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń kẹ́yìn lórí àpáta. Bí gbogbo èèyàn bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ ó ṣì máa ṣa èéfọ́ iṣu tó há sáàárín òkúta, bí ẹni pé èyí tó kù yẹn ni ẹ máa fi kọ́lé. Àpáta á sì ti tutù, á ti máa yọ̀. Ìdí nìyẹn tí Bàbá mi fi fún mi ní iṣẹ́ tèmi láti kékeré. Wọ́n ní mi ò tíì lágbára tí mo lè fi gbé ẹní, ṣùgbọ́n mo ní ohùn. Wọ́n ní kí n dúró nísàlẹ̀ níbi tí ẹ ti lè rí mi, kí n máa pè yín, kí n má dákẹ́ títí ẹsẹ̀ yín yóò fi kan ilẹ̀.

Mo sì máa ń pè. Ìyá mi o, ẹ sọ̀kalẹ̀! Ìyá mi o, ó tó! Àwọn aládùúgbò á ní ọmọ yìí ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi. Ẹ̀yin náà á bú mi látorí àpáta, ẹ ó ní kí n pa ẹnu mi dé, ṣé ẹ̀yin kò rí ojú ọ̀run ni? Ṣùgbọ́n ẹ kì í pẹ́ mọ́ lẹ́yìn náà. Títí mo fi dàgbà, tí mo lè gbé ẹní àti báàṣì pọ̀, kò sí ẹni tó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Ní ọdún tó kọjá pàápàá, ohùn mi ti ki, mo ti yege ìdánwò báàkì tí a fi ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ṣì dúró nísàlẹ̀ mò ń ké.

Ìyá mi, mo ti mọ ohun tí màá wí fún Madámù. Màá ní kí òun fúnra rẹ̀ ka ìbéèrè náà. Ẹnu tirẹ̀ ni kí ìdajì àkọ́kọ́ wà, nítorí òun ló bèèrè. Ìdajì kejì, èyí tó jẹ́ ohun tí màá ṣe, ni tèmi, màá sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé sọ ọ́. Màá sọ fún un nípa àpáta, iṣu, ẹní àti báàṣì, àti bí ojú ọ̀run ṣe máa ń ṣú níhà Adido. Màá wá ní, ǹ bá dúró nísàlẹ̀ àpáta, ǹ bá máa pè é, n kì bá dákẹ́. Ó lè yọ máàkì kúrò nítorí pé mi ò fi ẹnu ara mi sọ gbogbo gbólóhùn náà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo ló máa fún mi, nítorí mi ò ní dákẹ́. Bí mo bá sì gba máàkì tó kéré, kí Bàbá mi mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ó ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó dúró fún mi.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi gààrí ránṣẹ́ lóṣù yìí. Bí ìdánwò bá ti parí, màá wọ ọkọ̀, màá wá gbé ẹní fún ọjọ́ díẹ̀. Màá jẹ ẹ́ níwájú yín nígbà náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ fún mi. Ẹ lè bú mi kí ẹ tó bù ú.

Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn obìnrin àpáta, ẹ kí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé iṣu wá láti Sakin, ẹ kí àwọn oníbàárà yín, ẹ sọ fún wọn pé ìwé wọn kò ní pẹ́ rí ẹni kà á. Àìná, o ṣeun, ọ̀fun rẹ á ti gbẹ, mu omi. Bàbá mi, kí ebè yín ta iṣu tí yóò ya ilẹ̀. Ìyá àgbà, ẹ ó máa jókòó tì wá. Ìyá mi, ẹ ó pẹ́, ẹ ó jẹun ọmọ, kì í ṣe ọmọ ni yóò máa jẹ tiyín títí láé.

Bí mo ṣe ń parí lẹ́tà yìí, àlejò ti kúrò lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ yìí, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ yín lókè. Bí ẹ bá wà lórí àpáta nígbà tí wọ́n ń ka lẹ́tà yìí fún yín, ẹ fi èéfọ́ tó kù sílẹ̀. Mo wà nísàlẹ̀, mò ń pè yín. Ìyá mi o, ó tó, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Bíọ́dún